Ìgò Tó Fọ́ Wúlò: Bí A Ṣe Ń Da Dígí Aláwọ̀ Nínú Mọ́ọ̀dù

 

Ọ̀rọ̀ ìgò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé ọtí èyíkéyìí ní Atakpamé. Ẹ wo etí ọ̀nà tó lọ sí Lomé. Ìgò bíà wà níbẹ̀, ìgò oògùn wà níbẹ̀, ìgò ìpara wà níbẹ̀. Èyí tó bá fọ́ a máa gé ọmọdé lẹ́sẹ̀. Òjò a gbá a wọ oko, ọkọ́ a sì máa hú u síta lọ́dọọdún. Igi a máa jẹrà. Irin a máa dípẹtà. Dígí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá sin sílẹ̀ lónìí, ọmọ-ọmọ yín á hú u jáde bó ṣe wà.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá àgbà fi sínú àpótí, èyí tí wọ́n ń fi sí ìdí ọmọbìnrin, èyí tí olóyè ń fi sọ́rùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, dígí ni. Ìgò àti ìlẹ̀kẹ̀, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Tí mo bá sì béèrè ní kíláàsì pé ta ló kọ́kọ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí nílẹ̀ wa, ohùn kan náà ni gbogbo ènìyàn fi ń dáhùn: "Òyìnbó ni!"

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa tí a ń gbé Atakpamé àti àwọn abúlé tó yí i ká, Ifẹ̀ ni a ń pe ara wa. Àwọn mìíràn ń pè wá ní Ana. Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé Ilé-Ifẹ̀ ni orísun wa. Ní Ilé-Ifẹ̀ náà, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé ibẹ̀. Ó bá àwọn ará ìlú tí wọ́n ń wa ilẹ̀ igbó náà, tí wọ́n ń hú ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ jáde láti tà. Ìkòkò amọ̀ náà ń jáde, tí dígí ti yọ́ mọ́ wọn nínú. Síbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ kan ń sọ pé dígí náà kò lè jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Wọ́n ní láti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí láti Yúróòpù ni wọ́n ti kó dígí wá, pé ńṣe ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn tún un yọ́.

Láàárín ọdún 2010 sí 2012, ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, Abidemi Babatunde Babalola, wa ilẹ̀ Igbó Olókun pẹ̀lú ètò. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ. Ó rí àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí tó ju 800 lọ. Wọ́n yẹ dígí náà wò pẹ̀lú ẹ̀rọ láti mọ ohun tí wọ́n fi pò ó. Ó yàtọ̀ sí dígí Lárúbáwá, ó yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. Ohun tó máa ń wà nínú òkúta ẹfun àti nínú ìkarahun ìgbín pọ̀ nínú rẹ̀, iyanrìn rẹ̀ sì jọ iyanrìn àdúgbò náà. Àwọn ará Ifẹ̀ ló fi ọwọ́ ara wọn pò ó, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Wọ́n ti rí irú dígí Ifẹ̀ yìí ní ìlú Gao pàápàá, ní ilẹ̀ Mali. Ẹ ronú sí i: ìlẹ̀kẹ̀ tó kúrò ní Ifẹ̀, tó gba inú igbó kọjá, tó gba ọ̀dàn kọjá, tó dé etí aṣálẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó kò tíì dé etíkun wa!

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kì í ṣe inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń da ìlẹ̀kẹ̀ náà sí. Wọ́n ń yọ́ dígí nínú ìkòkò, wọ́n ń fà á gùn bí ọ̀pá tó ní ihò nínú, lẹ́yìn náà wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. Bí wọ́n ṣe ń wọn iyanrìn, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé iná ti tó, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kú, iṣẹ́ náà sì bá wọn lọ. Ní ìgbà tí Frobenius dé, àwọn ọmọ wọn ń wa ilẹ̀ láti wá ohun tí àwọn baba wọn ń fi ọwọ́ ṣe.

Ní Bida, ní ilẹ̀ Tápà, iṣẹ́ dígí kò parẹ́ bẹ́ẹ̀. Agbo ilé àwọn oníṣẹ́ dígí wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Masaga. Wọ́n ń fẹ́ ẹwìrì, wọ́n ń yọ́ ìgò, wọ́n ń fi ọ̀pá irin yí dígí tó yọ́ náà di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Iṣẹ́ tó rẹwà ni. Ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó ń yí dígí gbígbóná lójú iná nílò ọdún púpọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Mọ́ọ̀dù rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó sì mọ iṣẹ́ mọ́ọ̀dù dáadáa kò jìnnà sí wa. Àwọn ni àwọn ará Krobo, ní ilẹ̀ Gánà, ní Odumase àti Somanya. Ẹni tó bá gba Kpalimé, tó kọjá ní Ho, á sọdá odò Volta lórí afárá Adomi. Láti ibẹ̀, Odumase kò jìnnà mọ́.

Kí n tó sọ iṣẹ́ wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí dígí jẹ́. Iyanrìn ni, tí a pò mọ́ ohun bí eérú àti ẹfun, tí iná ńlá sì yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láti sọ iyanrìn di dígí, iná gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an, ó sábà máa ń ju 1000 dígírì lọ. Omi tó ń hó lórí ààrò wa, 100 dígírì péré ni. Ṣùgbọ́n dígí tó ti di dígí tẹ́lẹ̀ kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ìgò bíà a máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 700 dígírì. Bí ó bá dé nǹkan bí 800, ìyẹ̀fun dígí á lẹ̀ mọ́ ara wọn, á di ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ìgò tó fọ́ fi ṣe iyebíye fún oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹlòmíràn ti ṣe apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà fún un, ó sì jù ú sí etí ọ̀nà.

Ó yá, iṣẹ́ náà nìyí.

Kí ni mọ́ọ̀dù? Gbogbo yín ló ti rí férémù tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì. A di amọ̀ sínú rẹ̀, amọ̀ á sì gba ìrí férémù náà. Mọ́ọ̀dù nìyẹn. Ti àwọn Krobo, amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, wọ́n sì fi igi roboto tẹ ihò kéékèèké sí i lójú, ihò kan fún ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ní àárín ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ń fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ojú kékeré kan. Ẹ fi ojú kékeré yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀. Wọ́n á sá mọ́ọ̀dù náà títí á fi gbẹ, wọ́n á sì sun ún bí ìkòkò. Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò ní àdúgbò wa kò ní rí i bí iṣẹ́ àjèjì.

Kí dígí má bàa lẹ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á po ẹfun pẹ̀lú omi, wọ́n á ri mọ́ọ̀dù náà sínú rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Ẹfun kì í yọ́ nínú iná yẹn. Ó dúró láàárín amọ̀ àti dígí bí ewé tí a fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹni tó bá gbàgbé ẹfun, mọ́ọ̀dù ni yóò fọ́ kó tó rí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ yọ.

Lẹ́yìn náà, ìgò. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n á ha bébà ara rẹ̀ kúrò. Wọ́n á ṣa ìgò ní àwọ̀-àwọ̀: ewé lọ́tọ̀, pupa bí oyin lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, búlúù lọ́tọ̀. Wọ́n á gún un nínú odó irin, nítorí odó igi kò lè gbà á, igi á sì bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n á fi asẹ́ tó kúnná sẹ́ ẹ, títí yóò fi rí bí èlùbọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù sórí asẹ́, wọ́n á tún un gún.

Àwọ̀ ńkọ́? Ìgò ewé á fún yín ní àwọ̀ ewé, láìfi nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ yẹ́lò tàbí òmíràn, dígí funfun ló máa gún, á sì po àwọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò ń rà mọ́ ọn, irú àwọ̀ tí iná kò lè jó. Aró aṣọ kò ṣeé lò. Ewé àti èèpo igi tí a fi ń pa aṣọ láró, iná á jó wọn di eérú. Ohun tó ń fún dígí ní àwọ̀, inú òkúta àti irin ló ti ń wá: irin ń fún un ní àwọ̀ ewé, bàbà ń fún un ní àwọ̀ omi òkun, kóbáàtì ń fún un ní búlúù. Kóbáàtì yìí kan náà ló wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ búlúù ti Igbó Olókun.

Nígbà tí ìyẹ̀fun dígí bá ti wà ní sẹpẹ́, ojú kékeré ọjọ́sí yẹn dé. Ìlẹ̀kẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ihò kí okùn lè gbà á kọjá. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a lu? Ọ̀pá ewé ẹ̀gẹ́ ni! Ẹ̀gẹ́ tí a ń jẹ yìí, gbágùúdá. Wọ́n á já ewé rẹ̀, wọ́n á mú ọ̀pá tín-ín-rín tó di ewé náà mú, wọ́n á gé e sí ìwọ̀n, wọ́n á sì fi í gún ojú kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ ihò, yóò dúró ṣánṣán. Wọ́n á wá rọ ìyẹ̀fun dígí yí i ká. Nínú iná, dígí á dì mọ́ra, ọ̀pá ẹ̀gẹ́ á jó di eérú, ihò á sì ṣẹ́kù síbi tó dúró sí. Èmi kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ro èyí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé.

Ibí yìí náà ni wọ́n ti ń fi àwọ̀ ṣe ọnà. Wọ́n lè rọ ewé sí ìsàlẹ̀, funfun lé e, yẹ́lò lé ìyẹn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ìka kan. Ẹni tó bá kánjú, àwọ̀ á dàrú mọ́ ara wọn.

Ọ̀nà kejì wà. Kàkà kí wọ́n gún ìgò di ìyẹ̀fun, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí èkúrú àgbàdo, wọ́n á kó àfọ́kù náà sínú ihò mọ́ọ̀dù. Èyí kò nílò ọ̀pá ẹ̀gẹ́. Nígbà tí dígí bá ti rọ̀, wọ́n á fa mọ́ọ̀dù jáde, wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín, wọ́n á sì máa yí i nínú ihò rẹ̀ títí á fi rí roboto. Irin méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan fún dídi mọ́ọ̀dù mú, èkejì fún lílu. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí a máa tàn, ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ti oníyẹ̀fun kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n òun ló ń gba ọnà àwọ̀. Wọ́n tún lè po ìyẹ̀fun dígí àti àwọ̀ pẹ̀lú omi, kí wọ́n fi ya ìlà àti àmì sí ara ìlẹ̀kẹ̀ tó ti jinná, kí wọ́n sì tún un sun.

Ààrò wọn, amọ̀ ni, wọ́n sì máa ń fi ilẹ̀ òkìtì ikán mọ ọ́n. Ilẹ̀ yẹn kì í tètè sán. Ó ní òrùlé roboto, ó sì ní ẹnu níwájú. Igi gbígbẹ àti èèpo líle ara èkùrọ́ ni wọ́n ń fi dá iná. Kò sí ohun tó ń wọn iná fún wọn ju ojú lọ. Wọ́n á wo àwọ̀ iná nínú ààrò, wọ́n á wo bí ojú dígí ṣe ń dán. Ó sábà máa ń gbà ju ààbọ̀ wákàtí lọ, ó sì lè tó wákàtí kan, bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ṣe tóbi sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù iṣẹ́ wọn la dé yìí. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti da omi gbígbóná sínú ife dígí tútù rí, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Pàá! Kí ló dé? Nǹkan tó bá gbóná a máa wú díẹ̀, èyí tó bá tutù a máa sún kì. Inú ife wú, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì wú, àwọn méjèèjì fa ara wọn ya. Bákan náà ni dígí tó ń ti inú ààrò jáde. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, ara rẹ̀ á tutù, á le, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì gbóná. Nígbà tí inú náà bá wá fẹ́ sún kì, ara kò ní jẹ́ kó ráyè. Ó lè fọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó sì lè má fọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè tà á, kí oníbàárà fi sọ́rùn, kó fọ́ lọ́jọ́ kẹta. Èyí burú jù, nítorí orúkọ yín ló fọ́ yẹn.

Nítorí náà, wọn kì í yọ ìlẹ̀kẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù títí yóò fi tutù. Wọn kì í da omi sí i. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ fi àwo amọ̀ tó gbóná bò ó, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀ nínú ààrò tí iná rẹ̀ ti ń kú, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀, kó di ọjọ́ kejì. Bí nǹkan bá ṣe nípọn sí ni ìtutù rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ sí. Ní ọdún 1934, ní ìlú Corning ní Amẹ́ríkà, wọ́n da dígí kan sínú mọ́ọ̀dù fún awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ lórí òkè Palomar. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 5 mítà, ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 20. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dà bàjẹ́, nítorí pé apá kan nínú mọ́ọ̀dù já, ó sì léfòó sókè nínú dígí. Wọ́n da òmíràn. Ṣé ẹ mọ ìgbà tí wọ́n fi jẹ́ kó tutù? Oṣù 10! Bí àwọn tó ní ẹ̀rọ àti owó bá lè dúró fún oṣù 10, àwa náà lè dúró di àárọ̀.

Ohun mìíràn tún ń fọ́ dígí: ìdàpọ̀. Dígí kì í ṣe irú kan. Ti ìgò yàtọ̀, ti àwo tí a lè gbé ka iná yàtọ̀, ti wíńdò lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìgò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń sún kì. Bí ẹ bá po méjì tí kò bára mu pọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ kan, wọ́n á fa ara wọn ya, bó ti wù kí ẹ rọra mú un tutù tó. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò: ẹ da irú méjèèjì pọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ 5, ẹ fi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wò ó bóyá ó sán. Ẹ kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé yín.

Ìparí iṣẹ́ ni dídán. Ìlẹ̀kẹ̀ tó jáde nínú mọ́ọ̀dù a máa rí gbágungbàgun, ẹfun á ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi irin tín-ín-rín tú ihò rẹ̀. Wọ́n á sin ọ̀pọ̀ sórí wáyà kan, wọ́n á máa fi wọ́n lọ sókè-sódò lórí òkúta pẹrẹsẹ, pẹ̀lú iyanrìn àti omi. Apá a máa dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ìlẹ̀kẹ̀ olówó gọbọi yàtọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé. Iyanrìn tó rí gbàrágbàrá ni ti àkọ́kọ́, èyí tó kúnná ló tẹ̀lé e.

Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni mọ́ọ̀dù lè ṣe. Rárá o. Ère náà ṣeé dà: ẹja, ẹyẹ, orí ènìyàn. Ẹ rántí àwọn orí bàbà tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Ìda oyin ni àwọn baba ńlá wa fi kọ́kọ́ gbẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á sì da bàbà yíyọ́ síbi tí ìda ti jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ti dígí, àmọ́ dípò amọ̀, plâtre tí a po mọ́ iyanrìn tó kúnná ni wọ́n ń lò, dígí sì ni wọ́n ń kó síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé gbogbo rẹ̀ wọ ààrò. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ìparí ọ̀rúndún 19, Henry Cros gbé iṣẹ́ yìí dìde. Wọ́n ń pè é ní "pâte de verre". Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé díẹ̀, ẹ wò ó: dígí pípò bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì! Ohun tí àwọn Krobo ń ṣe kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ère tó nípọn bí ìkúùkù gbọ́dọ̀ tutù fún ọjọ́ mélòó kan nínú ààrò tí a lè ṣàkóso iná rẹ̀. A fọ́ mọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a kò lè tún un lò. Ní tèmi, kí ẹnikẹ́ni má fi ère bẹ̀rẹ̀. Mọ́ọ̀dù amọ̀ ti ìlẹ̀kẹ̀ ṣeé lò léraléra.

Ó ku ọ̀rọ̀ ara líle, n kò sì ní fi ṣeré. Ìyẹ̀fun dígí kì í ṣe èlùbọ́. Bó bá fẹ́ wọ imú, á ha ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá wọ ojú, á gé ojú. Eruku iyanrìn kíkúnná tó wà nínú mọ́ọ̀dù plâtre tún burú jù ú lọ, nítorí ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ìgò kí ẹ tó gún un. Ẹ fi aṣọ tó ní ìpele púpọ̀ di imú àti ẹnu, kí ẹ jókòó sí ibi tí atẹ́gùn á ti gbé eruku lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Bí iṣẹ́ bá parí, omi ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a. Kí ìyá tó ń gún dígí má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn. Odó tí a fi gún dígí, a kò gbọ́dọ̀ fi gún oúnjẹ láéláé, kódà bí a bá fọ̀ ọ́ ní ìgbà 7. Gílóòbù iná gígùn tó ń tàn funfun, ẹ má ṣe gún un, oró wà nínú rẹ̀. Ojú tẹlifísàn àtijọ́ náà, òjé wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Nísinsìnyí, owó. Ẹ mú bíìkì yín, ká ṣe ìṣirò pọ̀. Iye tí mo fẹ́ pè yìí kì í ṣe iye ọjà, àpẹẹrẹ ni. Ká ní mọ́ọ̀dù 1 ní ihò 30. Ẹ fi mọ́ọ̀dù 10 sínú ààrò: ìlẹ̀kẹ̀ 300. Ká ní 60 sán tàbí wọ́. Ó ku 240. Bí okùn 1 bá gba ìlẹ̀kẹ̀ 40, okùn 6 lẹ ní. Igi, àwọ̀ àti ẹfun gba 3000 fránkì. Ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan ní 1000 fránkì, owó jẹ́ 6000. Ẹ yọ 3000 kúrò, ó ku 3000. Ènìyàn 4 ló ṣiṣẹ́ náà fún ọjọ́ 2, ìyẹn iṣẹ́ ọjọ́ 8. Ẹ pín 3000 sí ọ̀nà 8: 375 fránkì ni owó òòjọ́ ẹnìkan.

Ṣé 375 dára? Ẹ fi wé ohun tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń kọ ebè lábúlé yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dáhùn. Ẹ sì wo ibi tí ìṣirò ti lè yí padà. Bí ìlẹ̀kẹ̀ 20 péré bá sán dípò 60, okùn yín di 7, owó òòjọ́ á sì di 500. Okùn kan ṣoṣo yẹn, ìtutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló mú un wá.

Ọjà náà kò rọrùn. Ní Koforidua ní ilẹ̀ Gánà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ọjà ìlẹ̀kẹ̀, àwọn oníṣòwò ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Àwọn ará Krobo fúnra wọn ń lo ìlẹ̀kẹ̀ púpọ̀, pàápàá níbi ayẹyẹ Dipo tí wọ́n fi ń mú ọmọbìnrin wọ ipò àgbà, nítorí náà àwọn ará ilé wọn ló kọ́kọ́ ń rà á. Síbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, tó jọ tiwọn, ti wọ ọjà, ó sì wọ́n kéré. Bí a bá ń ṣe ohun kan náà tí àwọn Krobo ń ṣe, àwọn ni yóò borí wa, nítorí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn. Ní èrò tèmi, kí á wo ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ìyá wa ní Atakpamé níbí ń wá tí wọn kò rí rà mọ́, èyí tí wọ́n nílò fún ìgbéyàwó, fún oyè àti fún òrìṣà. Ẹ lọ bá àwọn àgbà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí àpótí. Ẹ kọ orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀, ẹ kọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iṣẹ́ yìí kò gba fránkì kan, ẹni tó sì ti ka ìwé dé ìpele kejì lè ṣe é.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dán iṣẹ́ náà wò, ẹ dúró di ìgbà tí a bá ti kó iṣu sínú àká, tí òjò ti dá, kí igi lè gbẹ. Ẹ yan ènìyàn 2 tí wọn kì í kánjú, kí wọ́n lọ wo iṣẹ́ náà ní Odumase. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó mọ ìkòkò mọ, kí èkejì jẹ́ ẹni tó lè kọ ohun tó rí. Kí wọ́n tó padà dé, ẹ ti lè máa ṣa ìgò jọ. Ẹ gbẹ́ kòtò kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọgbà yí i ká kí ọmọdé má bàa ṣubú sí i, ẹ sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí pátákó: EWÉ, FUNFUN, BÚLÚÙ, PUPA.